Ìwé Ìtàn Ìjọ Wa Tí Mo Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀dà 500 la tẹ̀. ₦420,000 ló gbà, ₦150,000 nínú rẹ̀ sì ti àpò èmi fúnra mi jáde, nítorí pé owó tí ìgbìmọ̀ ìjọ yà sọ́tọ̀ kò tó, ẹnu mi tí kì í dákẹ́ sì ti sọ ní ìpàdé pé, “Ẹ fi sílẹ̀, a ó wá nǹkan ṣe sí i.” Kọ́bọ̀ kò tíì padà wọlé. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹ lè mọ ibi tí ìbínú mi ti ń bọ̀.

Ọdún 2023 ni. Ìjọ wa, ìjọ Áńgílíkàn kékeré kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ìbàdàn, fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọdún 125. A ti ṣe ti ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1998. Mo rántí dáadáa, nítorí pé àǹkárá aláwọ̀ ewé tí a rà nígbà náà ṣì wà nínú àpótí ìyàwó mi. Wọ́n ní kí èmi akọ̀wé ṣe ìwé ìtàn tí a ó pín fún àlejò. Mo ṣe é bí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti ń ṣe é: mo mú ìwé pélébé ti 1998, mo dà á kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi àwòrán Fíkà tuntun sí i, mo gbé e fún atẹ̀wé. Ìlà kìíní inú rẹ̀ nìyí: “Ní ọdún 1898 ni Ẹni Ọ̀wọ̀ David Hinderer fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìjọ yìí.”

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, bàbá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì wà níwájú láàárín àwọn àlejò. Ó ṣí ìwé, ó ki jígí bọ ojú, ó ka ìlà kìíní, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó fọwọ́ pè mí.

“Akọ̀wé, Hinderer tó ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ láti 1869? Iwin rẹ̀ ló wá gbin ìjọ yín ni?”

Bó bá jẹ́ etí mi nìkan ló sọ ọ́ sí, ìbá sàn. Ìyá Ìjọ gbọ́. Kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí ìkòkò, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń pè wá ní Ìjọ Iwin.

Èyí tó dùn mí jù ni pé n kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ta ló lọ sílé ìwé ìjọ n'Íbàdàn tí kò gbọ́ nípa Kúdẹtì? Ará Jámánì ni Hinderer, CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkàn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rán an. Ó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851, ó mú Anna ìyàwó rẹ̀ dé ní 1853, Kúdẹtì ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860 tí ọ̀nà dí, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ pa. 1869 ni wọ́n lọ, Daniel Olubi, ọmọ Abẹ́òkúta, ló sì di iṣẹ́ náà mú lẹ́yìn wọn. Gbogbo èyí wà lágbárí mi, mo sì fi ìka ara mi tẹ 1898 mọ́ orúkọ ọkùnrin náà. Ẹni tó kọ ti 1998 ti sùn nínú Olúwa, kò sí ẹni tí mo lè bá jà.

Ni mo bá sọ fún Fíkà pé màá tún un kọ.

Bí mo ṣe fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò, bí mo ṣe kó àwòrán jọ, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ti kọ lẹ́tà rí lè ṣe ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọdún ìdásílẹ̀ ló so mí mọ́lẹ̀. Oṣù kìíní 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀, ó sì di oṣù kẹfà kí n tó kúrò lójú kan.

Níbo ni 1898 ti wá? Mo bi ènìyàn mọ́kànlá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé 1898 ni, kò sì sí ọ̀kan tó mọ ẹni tó sọ fún un. Ohun tó lè parí ẹjọ́ náà ni ìwé ìsàmì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gba ìsàmì, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé ńlá: nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, àti ẹni tó ṣe ìsàmì náà. Ìjọ tí kò bá tíì rí ẹnì kan ṣe ìsàmì fún, lójú tèmi, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

A ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́sìtìrì, yàrá tí Fíkà ti ń wọ aṣọ ìsìn. Ìwé orin tó ti ya, ọ̀pá àbẹ́là méjì, ìwé tí wọ́n kọ àwọn tó jẹ gbèsè ìkórè sí láti ayé Ṣàgàrí, àti ìwé ìsàmì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan.

“Ti àtijọ́ ńkọ́?”

“Ó wà lọ́wọ́ Bàbá.”

Bàbá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe wọ́dìn kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ó fún mi lómi tútù, ó béèrè ìyàwó àti ọmọ, ó wá ní, “Ìwé wo?” Ìgbà kejì, ara rẹ̀ kò yá. Ìgbà kẹta, ọmọ rẹ̀ ti wá mú un lọ sí Èkó, ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi dé. Ọ̀kadà láti títì dé ilé rẹ̀ jẹ́ ₦1,500, àlọ nìkan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìgbà kẹrin ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

“Ní 1998, wọ́n wá síbí, wọ́n gba fọ́tò bàbá mi àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi í sínú ìwé. Ṣé o rí i nínú ìwé?”

“N kò rí i, sà.”

“Èmi náà kò rí i. Wọn kò sì dá a padà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ mí ní wọ́dìn, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi náà ti gbọ́ ọ bí gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé, n ò bá ọ jà. Àwọn tó rán ọ ni kó wá.”

Inú bí mi. Lórí ọ̀kadà, mo ń bá a jà nínú ọkàn mi: ìwé ìjọ ni, kì í ṣe ogún bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rántí ikán tó wà ní fẹ́sìtìrì, ẹnu mi wọhò.

Mo padà lọ pẹ̀lú Fíkà. Fíkà wa kò tíì pé ogójì ọdún. Bó ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì tòun ti kọ́là ọrùn rẹ̀, kò sì dìde títí Bàbá fi ní, “Ó tó, ó tó, ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ má fi aṣọ gbálẹ̀.” Ó ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fa àpótí páànù jáde lábẹ́ ibùsùn. Inú àpò ìrẹsì ni ìwé náà wà, káńfọ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ́ ju ohunkóhun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Kò gbà kó kúrò nílé òun. Mo gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé, mo fi fóònù ya gbogbo ewé rẹ̀ kí n tó ka ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn: ẹ yà á kí ẹ tó kà á. Àgbà lè yí ọkàn padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Yíǹkì rẹ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Àwọn ewé ìbẹ̀rẹ̀ ti fà ya lọ, nítorí náà nọ́ńbà tó ṣẹ́ kù lókè ni 17: ọmọbìnrin kan, bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, 20 oṣù kẹrin 1919. Mo wá kàlẹ́ńdà ọdún náà lórí fóònù. Ọjọ́ Àjíǹde ni. Láti 17 dé 31, ọjọ́ kan náà ni, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, níbi tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí, àgbẹ̀, àgbẹ̀, àgbẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ẹni mẹ́rìndínlógún péré ló sọnù ṣáájú wọn. Ìjọ wo ni yóò fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe ìsàmì fún ẹni mẹ́rìndínlógún, kó tó wá ṣe é fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ kan?

Ìyá àgbà kan wà tí mo ti bi ní ọdún tí ìjọ bẹ̀rẹ̀, ó ní òun ò mọ ọdún. Mo padà lọ bá a. Lọ́tẹ̀ yìí n kò béèrè ọdún. Mo ní, “Mọ́mì, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìjọ àkọ́kọ́?” Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Lúkúlúkú. Ìyá mi ní ẹ̀yìn lúkúlúkú ni wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà, torí àwọn tó ṣẹ́ kù ní àwọn fẹ́ máa dúpẹ́.”

Lúkúlúkú ni àjàkálẹ̀ àrùn tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1918, tó sì pa ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Òun náà ló mú kí àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkàn ní Ìjẹ̀bú-Òde máa kóra jọ gbàdúrà, tí wọ́n di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ṣẹlẹ̀ lábúlé wa lọ́nà tiwa, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àrùn lọ, Àjíǹde dé, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gba ìsàmì lọ́jọ́ kan. Orí mi wú.

Ìgbìmọ̀ kò bá mi yọ̀. Ìtumọ̀ ohun tí mo rí ni pé nígbà tí a wọ aláwọ̀ ewé ní 1998, ẹni ọgọ́rin ọdún ló ń ṣe ọgọ́rùn-ún. Èyí tó burú jù ni pé ìjọ abúlé kejì, tí a ti ń pè ní àbúrò wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, 1912 ni tiwọn, ìwé wọn sì pé láti ewé kìíní. “Ṣé o fẹ́ ká lọ máa kí wọn ní ẹ̀gbọ́n ni?” Ohun tí wọ́n bi mí nìyẹn. Ẹnì kan tún ní ta ni yóò san owó aṣọ ẹbí 1998 padà. N kò mọ̀ bóyá ó ń ṣeré. Mo ní ọgọ́rùn-ún ọdún wa gan-an kọjá lójú wa ní 2018, a ò tan àbẹ́là kan. Ìpàdé mẹ́ta la fi jà á. Níkẹyìn wọ́n gbà kí n kọ “láàárín òpin 1918 àti Àjíǹde 1919”, bí mo bá fi ìlà kan kún un pé àwọn àgbà kan máa ń sọ pé 1898. Mo fi í kún un. Ó ṣì ń gún mí lójú bí èérún igi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìtàn ń ṣàn, torí ìwé ìsàmì ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, orúkọ abúlé tí àwọn òbí ń gbé ń pọ̀ sí i bí oko kòkó ti ń fẹ̀, owó kòkó ló sì bo ṣọ́ọ̀ṣì ní páànù. Ewé 1929 kún dé etí. 1931, ìlà mẹ́ta péré. Mo ro ó títí kó tó yé mi: ní oṣù keje 1930 ni ìsọjí Joseph Ayo Babalola bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, n'Íléṣà, ìdajì ìjọ wa sì bá Aládùúrà lọ. Ìwé 1998 kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Mo fún un ní ojú ewé méjì. Lẹ́yìn 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, àwọn ọmọ yẹn ló sì kún àwọn ewé tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di 1990, wọ́n ti wà n'Íbàdàn àti l'Ékòó, ọjọ́ ìkórè nìkan là ń rí wọn.

Atẹ̀wé tuntun náà fẹ́ kó bá mi. Nínú ẹ̀dà àyẹ̀wò, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àpótí kéékèèké. Ó tún fi àmì ohùn sí i láti orí ara rẹ̀, ni “ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ sin Olúwa” bá di “ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́ sin Olúwa”. Mo gba fáìlì padà, mo sọ ọ́ di PDF nílé kó má baà lè fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀dà 200 la tẹ̀, àwọn tó fẹ́ ẹ sì ti sanwó sílẹ̀. Ó tán lọ́jọ́ ìkórè. Ọ̀gá ilé ìwé ọjọ́sí ra mẹ́ta, ó ki jígí bọ ojú, ó ka ìlà kìíní, ó ṣí ewé kejì.

Mo gbé ti Bàbá lọ bá a nílé. Fọ́tò bàbá rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, a ò rí i títí di òní, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà 23, Ọjọ́ Àjíǹde 1919. Ó ní kí n kà á. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.

Ìwé ìsàmì ṣì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè rẹ̀. Pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì ń wí pé 1898. Wọ́n ní owó ọ̀dà kò tíì sí.