Ológbò Tí Ìwà Rẹ̀ Sí Ènìyàn Yí Padà Lójijì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ìgbà tí mo ti ń sin ológbò ní Kàbà, ìbéèrè tí àwọn ará àdúgbò àti àwọn ẹbí láti Ìyàrà, Mọ̀pà àti Ìsánlú ń bi mí jù lọ kò jẹ mọ́ oúnjẹ tàbí eku pípa. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n ń bá wá: ẹranko tó ti ń tẹ̀ lé ènìyàn kiri ilé dédé di àjèjì, tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun tẹ́lẹ̀ kò wá fẹ́ fi ènìyàn lọ́rùn sílẹ̀ mọ́. Èmi kì í ṣe dókítà ẹranko. Lẹ́nu àwọn dókítà àti lára àwọn ológbò tí mo ti sìn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Mo kó díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn tí mo fún wọn.

Ìbéèrè (olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Kàbà): Ológbò mi ti pé ọdún 4. Ní alaalẹ́ ni ó máa ń wá sùn lé mi lẹ́sẹ̀ bí mo bá ń ka ìwé. Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó ń sá sí, bí mo bá sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, á ṣe "fìì" sí mi, á na èékánná. Kí ni mo ṣe fún un?

Màmá, ó ṣeé ṣe kí ẹ má ṣe ohunkóhun fún un rárá. Ológbò kì í di ènìyàn sínú fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ara bá ń dùn ún, kì í ké kiri bí ajá. Ó máa ń lọ fara pamọ́ ni, nítorí pé bí òun ti ń pa ẹran kéékèèké jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹranko tó tóbi jù ú lọ ń pa òun náà jẹ nínú igbó, èyí tó bá sì fi àìlera hàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kì mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí a yẹ ara ológbò wò kí a tó yẹ ìwà rẹ̀ wò.

Ẹ má ṣe fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ dúró di ìgbà tó bá jáde wá jẹun fúnra rẹ̀, kí ẹ wá ṣọ́ ọ. Ṣé ó ń tiro? Ṣé ó ṣì lè fò sórí àga tó máa ń fò sí? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ni ó fi ń jẹun, tí itọ́ ń dà, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Ẹ wo irun rẹ̀ pẹ̀lú: ológbò tí ara rẹ̀ dá máa ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn tàbí eegun bá ń dùn ún, kò ní lè yí ọrùn dé ìdí mọ́, irun ibẹ̀ á sì dì pọ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá gbà fún yín, ẹ rọra fi ọwọ́ tọ ọrùn, ẹsẹ̀ àti ìdí ìrù rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ológbò máa ń bu ara wọn jẹ bí wọ́n bá jà lóru. Eyín ológbò tinrín. Ojú egbò tó bá dá máa ń dí kíákíá, tí ìdọ̀tí inú eyín yóò sì ti wà lábẹ́ awọ. Láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún, ọyún á gbá jọ síbẹ̀, á wú, á sì máa gbóná. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹ̀yìn ni tiyín kò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn, ibẹ̀ ni èmi yóò kọ́kọ́ wò. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ lásán dẹ́rù bà yín: ara ológbò tó le máa ń gbóná láti 38 dé nǹkan bí 39 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, èyí tó ga ju ti ènìyàn lọ.

Mo jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pe ológbò mi kan ní agbéraga, àfìgbà tí dókítà la ẹnu rẹ̀ tí a rí eyín kan tó ti jẹrà dé erìgì. Ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín náà ni ó padà wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀.

Ohun kan tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ṣe fún un ní paracetamol, ì báà ṣe ìlàjì hóró. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára láti tú oògùn yìí palẹ̀ bí ti ènìyàn, hóró kan ṣoṣo sì tó láti pa á. Bí ó bá pé wákàtí 24 tí kò jẹun rárá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, pàápàá bí ó bá sanra, nítorí pé ọ̀rá máa ń ya bo ẹ̀dọ̀ ológbò tó sanra bí ebi bá pa á fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ kò bá mọ dókítà ẹranko kankan, ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní oríkò ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí kí ẹ bi àwọn tó ń sin adìẹ lọ́pọ̀. Àwọn náà mọ ẹni tó ń wá gún adìẹ wọn lábẹ́rẹ́.

Ìbéèrè (Mọ̀pà): Akọ ni tèmi. Láti àárọ̀ ni ó ti ń wọ inú yanrìn rẹ̀, tó ń jáde, tó ń ké. Mo gbé e mọ́ra bí mo ti máa ń ṣe, ó sì bù mí jẹ.

Bọ̀dá mi, ẹ má ka ìdáhùn yìí tán kí ẹ tó dìde. Ẹ wo yanrìn náà: bí kò bá sí ìtọ̀ níbẹ̀, tàbí bí ó bá jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ojú ihò ìtọ̀ rẹ̀ ti dí. Ihò yìí tóóró gan-an lára akọ, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ikun lásán sì lè dí i. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde á ba kíndìnrín jẹ́, á sì sọ ẹ̀jẹ̀ di májèlé. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì tàbí mẹ́ta, ológbò náà lè kú. Kò sí àgbo fún èyí. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ níkùn o. Ẹ gbé e sínú páálí, kí ẹ sì máa lọ sọ́dọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ìbéèrè (Ìsánlú): Abo ológbò mi, ọmọ oṣù 7, kì í dá sí ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni ó ti ń fi ara nu ẹsẹ̀ gbogbo wa, tó ń yí nílẹ̀, tó ń na ìdí sókè bí a bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì ń ké bí ọmọ ọwọ́ lóru. Àwọn aládùúgbò ní kí a lé e jáde nítorí pé igbe àjẹ́ ni.

Àǹtí, ológbò yín ń wá akọ ni. Abo lè bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin, nígbà tí ẹni tó ń sìn ín ṣì ń pè é ní ọmọdé. Ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá sì rí akọ, yóò sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, àsìkò tí ọ̀sán bá kúrú máa ń dá a dúró, ṣùgbọ́n níbi tí a wà yìí, gígùn ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti oṣù kan sí èkejì, nítorí náà ó lè ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà láàárín ọdún. Ìfẹ́ tí ẹ ń rí yẹn yóò lọ bí ó ti dé. Kí ẹ má ṣe rò pé ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́ bí ó bá padà sí ìwà rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ àjẹ́, mo mọ bí ó ṣe rí ní ilẹ̀ Okun, mo sì ti rí ológbò tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára nítorí irú igbe bẹ́ẹ̀. Akọ ni ó ń pè. Kò pe ẹlòmíràn. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò ní ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lóru. Bí ó bá jáde, ẹ ó ka nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65, ẹ ó sì rí ọmọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ ọmọ rárá, iṣẹ́ abẹ tí dókítà fi ń yọ ilé ẹyin àti ilé ọmọ ni ojútùú tó dájú, yóò sì mú igbe náà kúrò pẹ̀lú.

Ìbéèrè (oníṣòwò kajú, Ìyàrà): Gbogbo ìgbà tí kajú bá dé ni ológbò wa máa ń kọ̀ wá sílẹ̀. Òkè àjà ni ó ń gbé. Ti ọdún yìí le jù, kò tilẹ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Nǹkan méjì ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, èkejì sì ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Èkíní ni pé òórùn ni ológbò fi ń mọ ilé. Bí ó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu òpó ilẹ̀kùn tàbí ẹsẹ̀ yín, òórùn tirẹ̀ ni ó ń fi síbẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ibẹ̀ jẹ́ ti òun. Ẹ wá wo ilé yín ní oṣù kẹta: àpò kajú kún ìyẹ̀wù, àwọn alágbàrù ń wọlé ń jáde, ìwọ̀n ń dún, ọkọ̀ ń kùn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin fúnra yín sì ń rùn fún kajú. Gbogbo àmì tó fi sílẹ̀ ni ẹ ti bò. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó ẹrù sí, kí ẹ tẹ́ aṣọ yín tí a kò tíì fọ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì máa gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fà á wálẹ̀.

Èkejì ni pé níbi tí kajú bá wà, eku á wà níbẹ̀, níbi tí eku bá sì wà, ènìyàn á fi oògùn eku síbẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í sì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Eku tó jẹ ẹ́ á ṣì máa rìn, á máa ṣe bí ọ̀mùtí, òun gan-an sì ni ológbò á rọrùn láti mú. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ológbò á rẹ̀wẹ̀sì, kò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni nítòsí. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò lónìí. Bí erìgì rẹ̀ bá funfun dípò kó pọ́n díẹ̀, tàbí bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ ní imú tàbí nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ kíá, kí ẹ sì mú páálí oògùn eku náà dání, nítorí pé fítámì K1 ni dókítà fi ń wo irú èyí, bí ó bá tètè mọ̀.

Ìbéèrè (Ẹ̀gbẹ̀): Ológbò kan tó máa ń sá fún gbogbo ènìyàn ní àdúgbò wa dédé wá ń fi ara nù mí. Inú wa dùn. Lọ́jọ́ kejì ó bu ọmọ mi jẹ lọ́wọ́ láìnídìí.

Ní ti ìbéèrè yìí, mi ò ní sọ pé kí ẹ máa ṣọ́ ológbò náà ná. Ẹranko tí kì í sún mọ́ ènìyàn tó dédé di ọ̀rẹ́, gẹ́gẹ́ bí oníwà pẹ̀lẹ́ tó dédé di oníjà, lè ní àrùn dìgbòlugi. Àrùn yìí kò mọ sára ajá nìkan. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má ṣe fi ata, epo pupa tàbí irun ológbò náà sí i. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lónìí kan náà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí pé bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Bí ẹ bá lè sé ológbò náà mọ́ ibì kan láìfọwọ́ kàn án, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀: bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò ní àrùn náà lẹ́nu lọ́jọ́ tó bù ú jẹ, dókítà á sì sọ bóyá kí abẹ́rẹ́ dúró. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ 10 yìí dúró kí ẹ tó lọ.

Ìbéèrè (Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀): Ọyẹ́ dé, ológbò tí kì í jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ wá ń wọ abẹ́ aṣọ ìbora mi.

Òtútù ni. Ẹ gbádùn rẹ̀ títí ooru yóò fi dé.

Ìbéèrè (Kàbà): Ìyá àgbà nínú àwọn ológbò mi ti pé ọdún 12. Ó ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń rù. Kì í sinmi, ó sì ń tẹ̀ lé mi kiri pẹ̀lú igbe.

Ní ọjọ́ orí yẹn, mo máa ń fura sí kókó kékeré tó wà ní ọrùn, táírọ́ìdì, tó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń mú ọkàn sáré, ó sì ń jó ara rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi í hàn, oògùn rẹ̀ sì wà. Ìgbe rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń tọrọ.

Ìbéèrè (akẹ́kọ̀ọ́, Ẹkìnrìn-Àdè): Mo lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Lọ́kọjá. Nígbà tí mo dé, ológbò mi wò mí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọṣẹ mìíràn ni o fi wẹ̀, ilé mìíràn ni o sùn sí, òórùn rẹ sì ti yàtọ̀. Wọ aṣọ ilé rẹ àtijọ́, kí o jókòó sílẹ̀, kí o má ṣe na ọwọ́ lé e lórí láti òkè. Bí ó bá wò ọ́, rọra pa ojú dé kí o tún là á. Láàárín àwọn ológbò, ẹni tó bá tẹjú mọ́ni ni ọ̀tá. Na ìka kan sí i ní ìsàlẹ̀, kí o jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn rẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ kan tàbí mẹ́ta. Bí ó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ìka náà, ó ti gbà ọ́ padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹja Odò Ọya tó wà nínú báàgì rẹ ni ó ń wá, yọ egungun rẹ̀ kí o fún un jẹ ná.