Bí A Ṣe Ń Dá Àmì Ẹ̀yẹ Ológun Jámánì Mọ̀ Láti Ara Irin àti Rìbọ́ọ̀nù Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú àmì ẹ̀yẹ ológun Jámánì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wo nǹkan méjì pa pọ̀: àmì náà fúnra rẹ̀, àti rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi so ó kọ́. Ara àmì ló sábà máa ń sọ ogun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Rìbọ́ọ̀nù ló sì máa ń fi hàn bóyá ẹni tó gbà á dojú ìjà kọ ọ̀tá tàbí ó ṣiṣẹ́ níbi tí ìbọn kò dé. Ṣùgbọ́n aṣọ ni rìbọ́ọ̀nù, ó máa ń gbó, ẹnikẹ́ni sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ara àmì ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó wá bi rìbọ́ọ̀nù léèrè bóyá ẹ̀rí àwọn méjèèjì bára mu.

Àgbélébùú Irin, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Eisernes Kreuz, ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta ti Prọ́ṣíà, ìjọba kan ní Jámánì láyé àtijọ́, ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1813, nígbà tí wọ́n ń bá Napoleon jà. Wọ́n sì sọ ọ́ dọ̀tun ní 1870, 1914 àti 1939. Ó ní ipò méjì tí ó wọ́pọ̀: Onípò Kìíní ló ga ju Onípò Kejì lọ. Bí ẹ bá rí adé lókè, lẹ́tà W láàárín àti 1914 nísàlẹ̀, ti Ogun Àgbáyé Kìíní ni. Bí swástíkà, àmì ìjọba Nazi, bá wà láàárín tí 1939 sì wà nísàlẹ̀, ti Ogun Àgbáyé Kejì ni. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀yìn rẹ̀ o, nítorí pé 1813 wà lẹ́yìn ti 1914 àti ti 1939 Onípò Kejì, ẹni tó bá sì wo ẹ̀yìn nìkan lè rò pé ohun ìgbà Napoleon ló bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Rìbọ́ọ̀nù Onípò Kejì ni kí ẹ yẹ̀ wò tẹ̀ lé e. Onípò Kìíní kò ní rìbọ́ọ̀nù rárá, pín-ìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń gún un mọ́ àyà. Títí dé ti 1914, rìbọ́ọ̀nù ẹni tó jagun dúdú, ìlà funfun kan sì wà nítòsí etí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí kò sí lójú ìjà, wọ́n yí àwọ̀ náà padà: rìbọ́ọ̀nù di funfun, ìlà di dúdú. Ní 1939, pupa fífẹ̀ bọ́ sí àárín, funfun tẹ̀ lé e lọ́tùn-ún àti lósì, dúdú sì wà létí. Àwọn tí wọn ì bá fún ní rìbọ́ọ̀nù funfun láyé àtijọ́ wá ní àmì tiwọn ní oṣù kẹwàá ọdún náà, èyí tí wọ́n pè ní Kriegsverdienstkreuz (Àgbélébùú Iṣẹ́ Ìdánilọ́lá Ogun). Àwọ̀ kan náà ló wà lára rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, ṣùgbọ́n dúdú ló wà láàárín, pupa ló wà létí. Èyí tí idà méjì gba àárín rẹ̀ kọjá jẹ́ ti àwọn tó ṣiṣẹ́ ológun, èyí tí kò ní idà sì jẹ́ ti àwọn tó ṣe ìtìlẹ́yìn ogun lọ́nà mìíràn. Nínú gbogbo rìbọ́ọ̀nù Jámánì, méjì yìí ni mo gbà pé ó rọrùn jù láti ṣì mú fún ara wọn.

Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Àpẹẹrẹ tó hàn kedere ni àmì mẹ́ta tí wọ́n ṣe fún bí Jámánì ṣe gba Austria, Sudetenland (apá kan Czechoslovakia) àti Memel (apá kan Lithuania). Richard Klein ló ya àwòrán iwájú wọn, ọkùnrin méjì tí ọ̀kan gbé àsíá, tí ó sì ń ran èkejì lọ́wọ́ láti gòkè. Ẹ yí i padà kí ẹ ka ọjọ́ tó wà lẹ́yìn: 13 oṣù kẹta 1938 jẹ́ ti Austria, 1 oṣù kẹwàá 1938 jẹ́ ti Sudetenland, 22 oṣù kẹta 1939 sì jẹ́ ti Memel. Rìbọ́ọ̀nù ti Austria pupa, pẹ̀lú ìlà tínrín funfun àti dúdú létí. Ti Sudetenland jẹ́ dúdú, pupa, dúdú, pẹ̀lú funfun tínrín létí. Ti Memel sì jẹ́ aláwọ̀ ewé, funfun àti pupa. Bí ọjọ́ ẹ̀yìn àti rìbọ́ọ̀nù kò bá bára mu, ẹnìkan ti pààrọ̀ rìbọ́ọ̀nù náà.

Àgbélébùú Ọlá ti Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Hindenburg, ààrẹ Jámánì, dá sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1934, pín sí mẹ́ta. Ti ẹni tó jagun ní idà. Ti àwọn ológun yòókù kò ní. Ti àwọn opó àti òbí àwọn tó kú sógun kò ní idà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n sì pààrọ̀ ipò dúdú àti funfun lára rìbọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ní ti àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú tó ní àmì tiwọn, Àgbélébùú Hanseatic ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Hamburg, Bremen àti Lübeck ló ṣe é, pupa àti funfun sì ni rìbọ́ọ̀nù gbogbo wọn. Àwòrán àárín ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ilé olódi fún Hamburg, kọ́kọ́rọ́ fún Bremen, ẹyẹ idì olórí méjì fún Lübeck.

Lẹ́yìn èyí ló kan ohun èlò. Bí Àgbélébùú Irin ti 1914 tàbí 1939 ṣe sábà máa ń rí ni pé irin dúdú wà nínú, wọ́n sì fi férémù aláwọ̀ fàdákà méjì há a mọ́ àárín, wọ́n wá jó etí wọn pọ̀. Ẹ fi awò amúǹkan-tóbi wo etí náà yí ká. Bí inú àti férémù bá jẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n rọ pọ̀, ayédèrú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Irin-òòfà máa ń fa irin inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ojúlówó kan wà tí inú wọn kì í ṣe irin, nítorí náà ẹ má ṣe fi irin-òòfà nìkan dájọ́. Lára òrùka tí rìbọ́ọ̀nù gbà kọjá lórí ti 1939, ẹ lè rí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: 4 jẹ́ ti Steinhauer & Lück ní Lüdenscheid, 65 sì jẹ́ ti Klein & Quenzer ní Idar-Oberstein. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ni kò ní nọ́ńbà rárá.

Fún rìbọ́ọ̀nù, ẹ tan iná UV (iná tí ìtànṣán rẹ̀ kì í hàn sí ojú lásán) sí i nínú òkùnkùn. Èròjà tó ń mú aṣọ funfun tàn lábẹ́ iná yìí wọ́pọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí náà, funfun tó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo sábà máa ń jẹ́ aṣọ tuntun. Síbẹ̀, rìbọ́ọ̀nù àtijọ́ tí wọ́n fi ọṣẹ ìfọṣọ òde òní fọ̀ lè tàn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ yọ fọ́nrán òwú kan láti etí tó ti já, kí ẹ fi iná kàn án: òwú gidi máa ń di eérú, polyester máa ń yọ́, ó sì máa ń di kókó líle.

Bí ẹ bá rí Àgbélébùú Irin tó ní 1939 ṣùgbọ́n tí ewé óákù wà níbi tí ó yẹ kí swástíkà wà, ẹ má ṣe pè é ní ayédèrú. Òfin Jámánì ti oṣù keje ọdún 1957 ló gba àwọn tó jagun láyè láti máa wọ àmì wọn padà, kìkì bí swástíkà kò bá sí lára rẹ̀, wọ́n sì ṣe irú èyí fún wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti 1957, kí ẹ sì fi rìbọ́ọ̀nù tó bá a wá sílẹ̀ lára rẹ̀.