Bẹ́ ẹ ṣe máa fi yẹ̀pẹ̀ pupa kọ́lé sínú igbó ọba

Ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá kọ́ ilé ẹ̀ṣọ́ tàbí ilé àlejò sínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe ọlọ́kọ̀ búlọ́ọ̀kù o. Tírélà tó máa kó búlọ́ọ̀kù wọlé ń fẹ́ títì, ibi tí títì bá sì wọ̀ nínú igbó, agégẹdú ò ní pẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Bíríkì alámọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lẹ máa lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sun o, torí igi náà lẹ máa gé tẹ́ ẹ máa fi dáná ẹ̀. Amọ̀ yìí kan náà wà lára ohun tí Àdùnní Olóòrìṣà (Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria) àtàwọn tó bá a ṣe é fi mọ àwọn ojúbọ nínú Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005.

Kòtò ṣáláńgá àti fáńdéṣọ̀n tẹ́ ẹ máa gbẹ́ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kí yẹ̀pẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, bíi 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má pò ó mọ́ ọn, torí ewé jíjẹrà inú ẹ̀ ò ní jẹ́ kí bíríkì le. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀ sínú ìgò, ẹ pọnmi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: yanrìn á sùn sísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Tí amọ̀ bá pọ̀ ju yanrìn lọ, ògiri á sán, ẹ wá yanrìn kún un, àmọ́ kì í ṣe láti odò inú igbó.

Hẹ́ẹ̀dì páànù kan sìmẹ́ǹtì sí méjìlá yẹ̀pẹ̀ ti tó. Omi ló máa ń dà á rú. Ẹ bù ú, ẹ fún un bí òkèlè ẹ̀bà, ẹ jẹ́ kó jábọ́ láti èjìká yín: tó bá fọ́ sí mẹ́ta mẹ́rin, ó ti dáa, tó bá tú ká bíi gàrí, omi kù, tó bá sì balẹ̀ gbì tí ò fọ́, omi ti pọ̀ jù. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ fi nylon bò ó, ẹ máa wọ́nmi sí i fún ọjọ́ méje, ó di ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó mọ ọ́n sógiri. Ẹ má fọ irinṣẹ́ sódò o, omi sìmẹ́ǹtì ń pa ẹja!

Òkúta ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má máa na ògiri. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ da ilẹ̀ dúdú yẹn padà sórí gbogbo ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀, koríko á tún hù níbẹ̀.