Bí a ṣe ń fẹsẹ̀ rìn dé Santiago, ká sì rójú bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́nà

Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn Kristẹni ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì, níbi tí wọ́n gbà pé wọ́n sin Àpọ́sítélì Jákọ́bù sí. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 780, ó sì ń gbà tó ọjọ́ 30 sí 35. Àwọn èèyàn tí à ń bá pàdé ni adùn ìrìn yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í rójú kí ẹnikẹ́ni. Torí náà, ẹsẹ̀ la ó kọ́kọ́ tọ́jú.

Bàtà àti ẹrù

Ẹ ra bàtà tó fi ìdajì nọ́ńbà tàbí odindi kan ju èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ wọ̀ ọ́ rìn dáadáa nílé kó tó di pé ẹ gbéra. Ẹrù ẹ̀yìn yín kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ: ẹni tó wọn kílò 70, kílò 7 ni tirẹ̀. Aṣọ méjì (ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn), ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ òjò àti àpò ìsùn fúyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. “Bóyá màá nílò rẹ̀” ló ń sọ ẹrù di òkúta.

Òógùn, ooru àti ìbọ̀sẹ̀ tó ń ha awọ ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ léròrò. Ẹ fi fasilíìnì pa á láràárọ̀. Bí ojú kan bá ti ń gbóná, ẹ má sọ pé ó di abúlé iwájú. Ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbẹ, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn, kí ẹ sì pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tó máa kọjá lára ẹni tó bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láì béèrè pé kí ló ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé òǹtẹ̀

Ẹ gba *credencial*, ìwé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí lójú ọ̀nà, ní ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò ní Saint-Jean. Òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún yín ní ibùsùn ní *albergue*, ilé tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn. Láti ìlú Sarria, níbi tó ku nǹkan bíi kìlómítà 115 sí Santiago, ẹ rí i pé ẹ gba òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Kìlómítà 25 ni dé Roncesvalles, gígun òkè rẹ̀ sì lé ní mítà 1,200. Orúnkún ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹ lè pín in sí méjì: ẹ tètè gba àyè sílẹ̀ ní Orisson, ilé ìsùn kan lórí òkè náà, ní kìlómítà 8. Nídìí oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀, kálukú máa ń dìde sọ orúkọ rẹ̀ àti ìdí tó fi ń rìn. Ọ̀nà orí òkè máa ń wà ní títì láti November 1 sí March 31. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó gba Valcarlos ni kí ẹ tọ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn náà, ọfà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kùn sójú ọ̀nà ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Fáda Elías Valiña ti O Cebreiro ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n láàárín ọdún 1980 sí 1989.

Bíbá èèyàn pàdé

“Buen Camino” (ọ̀nà á dára o) ni ìkíni. Ẹ má kọ́kọ́ bi èèyàn nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé ibo ló ti gbéra. Bí ìrìn yín kò bá yá dọ́gba, ẹ má fi ipá bá a rìn. Ẹ fi àdéhùn sí abúlé tí ẹ ó sùn. Ẹ gbìyànjú láti dé kí aago méjì ọ̀sán tó lù, kí ẹ lè fọṣọ, kí ẹ sinmi, kí ẹ sì bá wọn gé ẹ̀fọ́ ní ilé ìjọ bíi ti Grañón, níbi tí gbogbo ilé ti ń jẹun pọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń gba ọrẹ àtinúwá dípò owó ibùsùn kì í ṣe ọ̀fẹ́: owó tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn tó ń bọ̀ lọ́la. Ní Carrión de los Condes, àwọn sísítà máa ń bá àwọn arìnrìn-àjò kọrin. Ẹ pọn omi tó lítà méjì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí kò sí abúlé kankan fún kìlómítà 17.

Ní Santiago

Ẹ gbé ìwé òǹtẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò, kí ẹ gba *Compostela*, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ rìn dé, kí ẹ sì lọ sí Máàsì. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Ẹ jókòó sí gbàgede Obradoiro níwájú kàtídírà, torí àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ṣì ń bọ̀, ojú yín ni wọn yóò sì kọ́kọ́ máa wá.