Ẹ̀yin tó ń gbé ọmọ kékeré lọ jẹun níta

Ẹ jọ̀ọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ kékeré lọ sílé oúnjẹ, ẹ tètè lọ kí èrò tó pọ̀, torí ọmọ tébi ń pa tí oorun tún ń kùn, kò sí ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ máa bẹ̀ ẹ́ tó máa gbọ́. Tọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá, tiyín á tẹ̀lé e.

Àmọ́ èyí tó ká mi lára jù ni nǹkan gbígbóná. Ọwọ́ ọmọ ọdún kan yá gan-an, á kàn fa etí aṣọ orí tábìlì báyìí, tíì gbígbóná á ti dà sí i láyà, awọ ọmọdé sì fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ bó. Ẹ ti kọ́ọ̀pù, ọbẹ àti abọ́ ọbẹ̀ jìnnà sí i, ẹ má gbé e sẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń mu nǹkan tó gbóná, ẹ má sì jókòó sójú ọ̀nà táwọn tó ń gbé oúnjẹ ń gbà.

Èso gréèpù, ẹ má fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 ní odindi, ẹ là á ní òòró sí mẹ́rin, ó lè há a lọ́fun. Tí ò bá tíì pé ọdún 1, ẹ béèrè bóyá oyin wà nínú oúnjẹ yẹn, kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu rárá.

Owó oúnjẹ ńkọ́? Ẹ san án gbàrà tí wọ́n bá ti gbé e dé, tó bá wá bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ẹ kàn máa dìde ni.