Nígbà Tí Bàálù Orí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Ṣe Ségesège: Joystick Ni, àbí Àfikún?

Bàálù ń fì sápá òsì láìsí ẹni tó tì í. Autopilot, ètò tó ń wa bàálù dípò awakọ̀, ń já fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké ramúramù, síbẹ̀ bàálù kò kúrò lójú kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á yọ bàálù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún simulator (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wa bàálù) kúrò, wọ́n á tún un gbé wọlé, wọ́n á sì bá àìsàn náà níbi tí wọ́n fi í sí. Àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í sábà wá látọ̀dọ̀ bàálù. Ohun ìdarí méjì (joystick, pẹ́dà tàbí irú wọn) ló sábà máa ń di iṣẹ́ kan náà mú, tí ọ̀kan ń fà á síwá, tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, tàbí kí ètò ọ̀kan nínú wọn wà ní ìdàkejì. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn parí ọ̀rọ̀ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń dì mú kó tó fọwọ́ kan fódà àfikún (bàálù, pápákọ̀ àti irú wọn tí a fi kún simulator) kankan.

Ẹ má sì yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ara bàálù bá yá lẹ́yìn náà, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Ẹ jẹ́ kí Windows kọ́kọ́ jẹ́rìí

Ẹ pa simulator. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ joy.cpl síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Orúkọ gbogbo ohun ìdarí tó wà lára kọ̀ǹpútà yóò jáde. Ẹ yan èyí tí ẹ fura sí, ẹ tẹ "Properties", kí ẹ wá rọra ti ọ̀pá rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ojú yín máa wà lára àmì kékeré tó ń rìn. Ó yẹ kó máa yọ̀ lọ geere. Tó bá ń fò, tó ń gbọ̀n gan-an nígbà tí ọwọ́ yín kò sí lára rẹ̀, tàbí tí kò dé ìpẹ̀kun, a jẹ́ pé ara ohun ìdarí tàbí wáyà rẹ̀ ni àrùn wà, kò sì sí ohun tí ẹ máa yí padà nínú simulator tó máa wò ó. Tó bá ń yọ̀ geere níbẹ̀ àmọ́ tó ń ṣe ségesège nínú simulator, ètò ni ẹ máa tún ṣe.

Ọ̀pọ̀ joystick tí kò wọ́n ló ń lo potentiometer: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń ha ojú ọ̀nà carbon bí ẹ ṣe ń yí i. Eruku tó kó síbẹ̀, tàbí ojú ọ̀nà tó ti jẹ, ló ń mú kó máa fò. Oògùn tí wọ́n ń fín sí ojú iná kọ̀ǹpútà àti rédíò, irú èyí tí kì í fi òróró sílẹ̀, lè gbà á là: ẹ fín díẹ̀ sí i, ẹ yí i síwá sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ìgbà, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tó ń lo Hall effect kò ní irú wàhálà yìí, torí mágnẹ́ẹ̀tì ló ń lò, nǹkan kan kì í ha ìkejì. Tí irú rẹ̀ bá ń fò, ẹ lọ wo wáyà àti ihò USB.

Ọ̀rọ̀ USB yìí ń dá àwọn tó ní ohun ìdarí púpọ̀ lágara ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ihò USB 2.0 kan kò pèsè ju 500 mA lọ, ti USB 3.0 jẹ́ 900 mA. Tí ẹ bá wá kó yoke (ọwọ́ ìdarí bàálù), throttle (ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì), pẹ́dà àti pánẹ́ẹ̀lì tó ń tan iná sórí hub (àpótí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kan ṣoṣo tí kò ní wáyà iná tirẹ̀, ìwọ̀nba iná yẹn ni gbogbo wọn á jọ máa pín. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ máa gbọ́ ohùn Windows tó ń sọ pé nǹkan já, nǹkan tún wọlé, nígbà tí bàálù wà lókè. Ẹ lo hub tó ní iná tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wọnú gbogbo "USB Root Hub" tó wà níbẹ̀, ẹ lọ sí "Power Management", kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power". Nínú Power Options, ẹ pa "USB selective suspend setting" náà. Kí ẹ sì sàmì sí ihò tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń wọ̀, nítorí pé tí ẹ bá pààrọ̀ ihò, ó lè jẹ́ pé ohun ìdarí tuntun ni simulator máa kà á sí, gbogbo ohun tí ẹ ti tò á sì pòórá.

Ọwọ́ méjì lórí iṣẹ́ kan

Nígbà tí ẹ bá so ohun ìdarí tuntun mọ́ Microsoft Flight Simulator, simulator máa ń bá yín pín iṣẹ́ fún un láìbéèrè. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Joystick tó ṣeé lọ́ ti gba iṣẹ́ rudder (èyí tó ń yí imú bàálù sósì sọ́tùn-ún), pẹ́dà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà tún gbà á. Ọ̀pá kékeré tó wà nídìí joystick ń ṣe throttle, àpótí throttle náà ń ṣe throttle. Kódà Xbox controller tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ránṣẹ́. Èyí tó ránṣẹ́ kẹ́yìn ni simulator ń gbọ́, bí ohun tó rán náà bá tilẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́. Àwọn bàálù kan sì wà tí autopilot wọn máa ń já bí ọ̀pá bá kúrò láàárín ju bó ṣe yẹ lọ, torí wọ́n gbà pé awakọ̀ ti gba ọkọ̀.

Ẹ ṣí Controls. Lórí ohun ìdarí kọ̀ọ̀kan, ẹ yan "Assigned" kí ohun tó ní iṣẹ́ nìkan lè hàn. Ẹ wá aileron (èyí tó ń mú bàálù fì sẹ́gbẹ̀ẹ́), elevator (èyí tó ń gbé imú rẹ̀ sókè sódò), rudder, throttle àti bíréèkì, kí ẹ sì rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lórí ohun ìdarí kan péré. Níbi tó bá ti jẹ́ méjì, ẹ pa ọ̀kan rẹ́. Èyí tí ẹ kò fi wa bàálù rárá, ẹ ṣe profile (àkójọ iṣẹ́ tí a pín) òfìfo fún un, kó wà níbẹ̀ láìníṣẹ́. Nínú Microsoft Flight Simulator 2024, iṣẹ́ lè fara pamọ́ sórí profile gbogbogbòò, ti bàálù lápapọ̀, àti ti bàálù kan pàtó, torí náà ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ máa yẹ̀ wò. Ẹni tó ń lo FSUIPC, ètò ẹ̀gbẹ́ kan tó ń so ohun ìdarí mọ́ simulator, láti darí axis (ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà rìn) kan gbọ́dọ̀ pa axis yẹn rẹ́ nínú simulator. Ẹni tó ra tirẹ̀ lórí Steam, kó lọ sí Properties simulator náà, sí "Controller", kó yan "Disable Steam Input", àìjẹ́bẹ́ẹ̀ Steam lè máa ṣe alágàtà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Bàálù tó ń ké tí kò rìn? Bíréèkì ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà ló jẹ́ pé nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí wọn ni simulator ń ka bíréèkì wọn sí 100%, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ ló ń tú. Ẹ fi àmì sí "Reverse axis" fún ti òsì àti ti ọ̀tún. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ni ẹ yí padà, bàálù á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ilẹ̀, ẹ ó sì rò pé afẹ́fẹ́ ló ń tì í.

Ti throttle bàálù Airbus gba sùúrù. Ojú ibi tí ọ̀pá ti ń dúró ni kọ̀ǹpútà bàálù náà ń wò, kì í ṣe iye agbára lásán. Nínú A32NX, bàálù Airbus tí ẹgbẹ́ FlyByWire ṣe, ẹ kọ́kọ́ lọ sínú simulator kí ẹ mú kí ìlà axis tọ́ gbọnrangandan, kí dead zone (àyè àárín tí simulator kì í ka ìṣíkiri ọ̀pá sí) wà ní òdo. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ ṣí flyPad, tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nínú yàrá awakọ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀pá sí ipò kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: ti ìfàsẹ́yìn, idle, CL, FLX/MCT, TOGA (láti idle lọ, agbára ń pọ̀ sí i dé TOGA tó jẹ́ kíkún), kí ẹ sì jẹ́ kí bàálù gba nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lápá òsì àti ọ̀tún nọ́ńbà náà. Tí àyè yẹn bá há jù, ọ̀pá tó gbọ̀n díẹ̀ á bọ́ sáàárín ipò méjì, autothrust (ètò tó ń darí agbára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀) á sì máa tan, á máa kú. Tí ẹ bá ti tẹ ìlà yẹn wọ́ nínú simulator kí ẹ tó ṣe èyí, nọ́ńbà kò ní bá ibi tí ọwọ́ yín wà mu láé.

Lórí dead zone àti ìlà ìrọ̀rùn: ẹ padà sí joy.cpl, ẹ wo bí ọ̀pá ṣe ń gbọ̀n tó nígbà tó wà láàárín. Tó bá tó 2%, ẹ fi dead zone sí 3%, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó máa ń fi sí 15% láti bo àrùn mọ́lẹ̀ ló máa ń ráhùn pé bàálù kò gbọ́ràn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bà. Ní ti sensitivity, ẹ wo àwòrán ìlà náà: bó bá ṣe ń tẹ́jú sí láàárín ni ọwọ́ ń rọ̀ sí níbẹ̀, tí á sì le sí ní ìpẹ̀kun. Ẹ fi "Reactivity" sílẹ̀ ní 100%. Tó bá lọ sílẹ̀, bàálù á máa lọ́ra láti dá ọwọ́ yín lóhùn.

Yoke bíi Honeycomb Alpha ní àwọn bọ́tìnnì tó máa ń dúró sípò tí ẹ bá tẹ̀ wọ́n sí. Ẹ má fún irú wọn ní àṣẹ "Toggle", torí tí ipò wọn bá ti yàtọ̀ sí ti bàálù nígbà tí simulator ń ṣí, ìdàkejì ni wọ́n á máa ṣe títí. Àṣẹ tó ń tan iná ni kí ẹ fún apá kan, kí ẹ fún apá kejì ní èyí tó ń pa á.

Ó wá kan àfikún

Tí ọ̀rọ̀ ohun ìdarí bá ti mọ́, tí wàhálà kò sì lọ, fódà Community, níbi tí Microsoft Flight Simulator ń kó àfikún sí, ló kù. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà, kó fi Notepad ṣí fáìlì UserCfg.opt, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú InstalledPackagesPath, nísàlẹ̀ pátápátá, ló ń sọ ọ̀nà rẹ̀. Fún ti 2020 lórí Steam, fáìlì yẹn wà nínú AppData\Roaming\Microsoft Flight Simulator.

Ẹ yí orúkọ Community padà sí Community_atijo, ẹ ṣẹ̀dá Community òmíràn tó ṣófo, ẹ ṣí simulator. Tí àrùn bá lọ, àfikún ni. Ẹ wá pín in sí méjì: ẹ kó ìdajì wọlé, ẹ wò ó. Ìdajì tí àrùn bá wà nínú rẹ̀, ẹ tún pín òun náà sí méjì. Àfikún 64 kò ní gbà ju ìgbà mẹ́fà lọ. Bàálù kan àti àwọn livery (ọ̀dà ara) rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pínyà o, bẹ́ẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú kan àti library (àkójọ ohun ìkọ́lé) tó gbára lé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.

Àfikún tí kò yọjú rárá ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtúdìí fáìlì zip ló fi fódà sínú fódà. Tí ẹ bá ṣí fódà àfikún, manifest.json àti layout.json ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bá, kì í ṣe fódà míì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. layout.json yìí ni ìwé orúkọ: fáìlì tí ẹ bá fọwọ́ ara yín jù sínú fódà láìkọ ọ́ síbẹ̀, simulator kò ní rí i. Gígùn ọ̀nà fáìlì náà tún ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé 260 lẹ́tà ni ààlà tí Windows fi sí i látìbẹ̀rẹ̀, Community sì ti jìn tẹ́lẹ̀. Ẹ kó àfikún sí ibi tí orúkọ rẹ̀ kúrú, bíi D:\Addons, kí ẹ fi àṣẹ mklink /J so ó mọ́ Community.

Tí ètò ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó máa ṣí pẹ̀lú simulator bá ṣíwọ́ iṣẹ́ lójijì lẹ́yìn tí ẹ fi òmíràn kún un, ẹ wo exe.xml, fáìlì tó ń to àwọn ètò tí simulator máa ṣí. Gbogbo <Launch.Addon> gbọ́dọ̀ ní </Launch.Addon> tirẹ̀. Tí ọ̀kan bá já, gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì náà lè má ṣí mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tún un kọ.

Tí simulator bá ń wó lulẹ̀, Event Viewer ń pa orúkọ mọ́: Windows Logs, Application, ìlà "Faulting module name". Tó bá jẹ́ nvwgf2umx.dll ló wà níbẹ̀, driver káàdì àwòrán NVIDIA ló wó, ẹ fi àfikún sílẹ̀ ná. Kí ẹ tó gba àtúnṣe simulator tuntun, ẹ kó gbogbo Community kúrò, kí ẹ dá wọn padà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba.

X-Plane, simulator míì, máa ń sọ òótọ́ ju àwọn yòókù lọ. Log.txt wà nínú fódà rẹ̀ gan-an, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń dárúkọ plugin (ètò kékeré tí a fi kún un) tó mú un wó. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó tún X-Plane ṣí, torí ṣíṣí tuntun ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ lè gbé plugin tí ẹ fura sí kúrò nínú Resources/plugins, ṣùgbọ́n àwọn bàálù kan ní plugin nínú fódà tiwọn pẹ̀lú. Tí ilé pápákọ̀ òfurufú bá rì tàbí tó wà ní ìlọ́po méjì, scenery_packs.ini nínú Custom Scenery ni ẹ máa tò: ìlà òkè ló ń borí ti ìsàlẹ̀, torí náà pápákọ̀ lókè, mesh (ìrísí ilẹ̀) nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ SCENERY_PACK_DISABLED dípò SCENERY_PACK láti pa ọ̀kan fúngbà díẹ̀. Lórí Mac, plugin tí ẹ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè kọ̀ láti ṣí nítorí pé macOS ti sé e mọ́lé. Ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ xattr -dr com.apple.quarantine, ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ wá fa fódà plugin náà jù síwájú rẹ̀, ẹ tẹ Enter, kí ẹ tún X-Plane ṣí.