Àfiwé Omi àti Iná: Ibi Tí Àwa Tíṣà Físíìsì Ti Ń Ṣàṣìṣe

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 nírọ̀lẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lápá Ọjà Jagun. Lọ́jọ́ kan, mo ya bátìrì, gílóòbù àti wáyà sójú pátákó, mo wá nu wáyà náà díẹ̀ láàárín bí ẹni pé ó já. Mo ní, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ọmọ kan tí orí rẹ̀ pé dáadáa nàwọ́: "Sà, iná á máa jò níbi tó ti já."

Mi ò bá a wí. Èmi ni mo sọ fún wọn pé iná nínú wáyà dà bí omi nínú páìpù, mo sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: ẹ má fún ọmọ ní àfiwé láìsọ ibi tó parí sí.

Àfiwé yẹn dára níwọ̀nba. Táńkì tó wà lókè ló ń ti omi bí bátìrì ṣe ń ti iná, páìpù tóóró sì ń dí omi lọ́wọ́ bí wáyà tín-ín-rín ṣe ń dí iná lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá bẹ́, omi á dà sílẹ̀. Bí wáyà bá já, iná á dúró ni, torí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín kò jẹ́ kó kọjá. Páìpù tí wọ́n ti ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ pa ni wáyà tó já jọ, kò jọ páìpù tó bẹ́. Ohun tó ń tì í ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ digbí. Ìdí nìyí tí wáyà iná ilé tó já fi lè pa èèyàn, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ń jò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí sílẹ̀ láìsọ.

Ẹ má sì gbé ìṣirò omi sórí wáyà. Bí ẹ bá sọ fífẹ̀ ihò páìpù di ìlọ́po 2, tí omi ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́, omi tó ń kọjá á di ìlọ́po 16. Ti wáyà, ìlọ́po 4 péré ni.

Páìpù tí àwọn ọmọ wa mọ̀ jù ni èyí tó ti gbẹ, tó máa ń mí fíìfíì kí omi tó yọ. Wọ́n wá rò pé wáyà náà máa ń ṣófo. Kì í ṣófo láé. Eléktírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn èérún tíntìntín tó ń gbé iná, kún inú rẹ̀. Nínú wáyà tọ́ọ̀ṣì, wọn kì í sáábà rìn tó mìlímítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ gílóòbù á tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí gbogbo wọn ló jọ gbéra.

Àwọn àgbà físíìsì náà lo àfiwé. Ní 1827, Ohm ará Jámánì fi iná wé ooru tó ń gba inú irin kọjá. Maxwell ará Scotland fọkàn ya àwọn nǹkan kéékèèké tó ń yí bìrìbìrì ní 1861, kó lè fi ṣàlàyé iná àti agbára mágínẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi máa di 1865, ó ti kọ ìṣirò rẹ̀ láìgbára lé wọn mọ́.

Ní báyìí, ọ̀nà méjì ni mo ń pín pátákó sí: "Ó jọ", "Kò jọ". Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó kọ sábẹ́ "Kò jọ": "Iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ẹ̀rọ ilé wa kì í padà sẹ́yìn."